Ìgò Àdí Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ jọ̀wọ́, kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Mi ò kàwé jìnnà. Mo ka ìwé mẹ́fà tán, mo fẹsẹ̀ kan wọ sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì fà á jáde láti lọ kọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi ń rìn bí ẹni tí bàtà há lẹ́sẹ̀, ẹ bá mi rọra kà á, kò tíì mọ́ mi lára ni. Àmọ́ ó sàn fún mi kí n kọ ọ́ ju kí n sọ ọ́ lọ, torí bí mo bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ìwé kì í wo èèyàn lójú.

Ọ̀rọ̀ ara ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ, àti ti ìgò àdí kan tí ìyá ọkọ mi gbé wá láti ìlú òkè.

Obìnrin lọmọ mi. Ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí mò ń sọ yìí. Ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ ni nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ibẹ̀ dé inú ìgbọ̀nwọ́, ó dé ọrùn, ó wá dé ìbàdí. Ara á kọ́kọ́ pọ́n, á wá sán bí ilẹ̀ àbàtà tí omi gbẹ lórí rẹ̀, omi á máa sun jáde níbẹ̀, lẹ́yìn náà èépá á bò ó. Bí a bá ti ń sọ pé Ọlọ́run ṣeun, ó ti ń lọ, ibòmíràn á tún pọ́n. Kì í ṣe pé ó ń yún un nìkan. Ó ń dùn ún. Bí mo bá gbé e pọ̀n tí mo ta ọ̀já mọ́ ọn, igbe tó máa ké, wọ́n á gbọ́ ọ ní òdìkejì òpópónà. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ orúkọ rẹ̀ fún mi.

Ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí láàárín wa, kí ọmọ kékeré máa fẹsẹ̀ rìn níwájú ìyá rẹ̀ kí ìyá má pọ̀n ọ́n. Ní Àmùkòkò tí à ń gbé, mi ò lè rìn dé ìta kí obìnrin tí mi ò mọ̀ rí má pariwo lé mi lórí: "Ìyàwó, pọn ọmọ ẹ! Ṣé kò rẹ ọmọ ni?" Èmi á rẹ́rìn-ín, màá wo ilẹ̀.

Aṣọ rẹ̀ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Òkírìkà ọmọdé ni mò ń tà, létí títì tó lọ sí Bọ́ńdìrì. Bí a bá tú bẹ́ẹ̀lì, aṣọ tó gbó jù, tó ti fẹ́lẹ́, tí oníbàárà ò ní wo lẹ́ẹ̀mejì, òun ni mò ń ṣà fún ọmọ mi, torí òun ló rọ̀ jù. Síbẹ̀, ojú rírán inú aṣọ a máa ha á lára. Ni mo bá ń yí aṣọ padà, inú síta. Gbogbo àdúgbò wá ń kígbe mọ́ mi: "Ìyá ọmọ, ẹ ti wọṣọ fún ọmọ yín sódì o!" Kí n tó gbé ojú kúrò nílẹ̀, ọmọ á ti dá wọn lóhùn: "Bẹ́ẹ̀ náà là ń wọ̀ ọ́."

Ẹnu yẹn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni. Ọkọ mi ń ṣe lébùrà ní wọ́ọ̀fù ní Àpápá, iṣẹ́ jíjá ẹrù inú kọ̀ǹtẹ́nà. Bí ẹ bá rí i lójú lásán, ẹ̀yin náà á bẹ̀rù rẹ̀: àpò tí ọkùnrin méjì ń gbé, òun nìkan á gbé e sórí, á sì máa súfèé lọ. (Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, "ẹ̀yin" ni mò ń pè é. Àmọ́ bí mo bá ń pe òun náà ní "wọ́n" nínú ìwé yìí, ẹ ò ní mọ̀ bóyá òun ni tàbí ìyá rẹ̀. Kó má bínú.) Bó bá dé láti ibi iṣẹ́ tó bá ọmọ níbi tí epo ti ń dán lára rẹ̀, á ní: "Ẹ káàsán o, móínmóín elépo. Ta ló jẹ ẹyin inú ẹ?" Ọmọ á rẹ́rìn-ín títí èépá ọrùn rẹ̀ á fi là, á sì bú sẹ́kún, bàbá rẹ̀ á wá di ẹni tí kò mọ ibi tó máa fọwọ́ sí.

Kí ìyá ọkọ mi tó dé rárá ni òògùn ti pọ̀ lára ọmọ mi. Obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ará ìlú olómi ni, ọkọ rẹ̀ ní ọkọ̀ ìpẹja ní Marine Beach. Ó gbé òróró ẹja wá nínú ike. "My sister, rub am well-well," ló wí. "For our side, na so we dey do am." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo fi pa á. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ológbò ilé wa ti ń tẹ̀lé ọmọ mi káàkiri bí ẹni tó ń lọ ṣàlejò. Mi ò lè sọ pé mi ò fẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò tíì kọ ohun tí àgbà fi lé mi lọ́wọ́ rí.

Ìgbà yẹn ni Màmá dé.

Wọ́n gbọ́ pé ara ọmọ ọmọ wọn ò yá, wọ́n fi oko àti ọjà sílẹ̀, wọ́n wọkọ̀ wá. Wọ́n gbé èlùbọ́, wọ́n gbé ìrù, wọ́n sì gbé ìgò gọgọrọ kan tí wọ́n fi aṣọ wé bí ọmọ tuntun. Àdí ni. Àwọn fúnra wọn ló din ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n fi yọ ọ́, wọ́n po imí-ọjọ́ mọ́ ọn, àti ewé kan tí wọ́n ní àwọn ò ní dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí àwọn á fi kú. Ó dúdú kirikiri. Bí wọ́n ṣe ṣí i, obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ti ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Mo fẹ́ràn Màmá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó má dà bí ẹni pé mò ń ròyìn wọn láìdáa. Wọ́n kọ̀ láti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wa, wọ́n ní bẹ́ẹ̀dì Èkó ń mi. Ẹní ni wọ́n ń tẹ́. Gìgísẹ̀ wọn ti là nítorí ọ̀nà oko, ó là jinlẹ̀jinlẹ̀, débi pé bí wọ́n bá na ẹsẹ̀ ó máa ń há mọ́ òwú ẹní, bí wọ́n bá ń kọjá ó máa ń fa kọ́tìnnì mi. Wọ́n á ní: "Ìyàwó wa, kọ́tìnnì yín yìí mà fẹ́ràn mi o."

Láti ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ni wọ́n ti gba wíwẹ̀ ọmọ lọ́wọ́ mi. Ṣebí àṣà wa ni, ìyá ọkọ ló ni omi ọmọ. Wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀, wọ́n á wẹ̀ ẹ́ mọ́, wọ́n á wá da àdí sí àtẹ́lẹwọ́. Bí àdí yẹn bá ti kan ibi tó sán, igbe á gba ilé. Àṣìṣe gbogbo wa nìyí o, ti gbogbo ilé wa, kì í ṣe ti Màmá nìkan: a gbà pé òògùn tí kò bá ta èèyàn, kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá ti ń ké, inú ará ilé á máa dùn. Ẹni tó ń fọṣọ á ké láti ìdí omi: "Ó ń ṣiṣẹ́! Màmá, ẹ má dáwọ́ dúró!" Ẹni tó ń fọ eyín á yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu: "Ẹ fi pa ọrùn rẹ̀ dáadáa!" Bó bá wá di ọjọ́ tí ọmọ ò ké púpọ̀, Màmá á bojú jẹ́, wọ́n á ní bóyá imí-ọjọ́ ò tó.

Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á gbé ọmọ náà mọ́ àyà, wọ́n á máa pè é ní ìyá mi, ìyá mi. Mo rí wọn lọ́jọ́ kan tí wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. Nígbà tí wọ́n rí i pé mo rí wọn, wọ́n ní èéfín ni. Kò sẹ́ni tó dáná.

Ní ti dókítà, a ti rí bíi mélòó kan. Ẹni àkọ́kọ́ ní ooru ni. Ẹni kejì ní làpálàpá ni, ó fún wa ní ìpara, làpálàpá náà ò gbọ́ pé wọ́n ń bá òun wí. Obìnrin kan la bá níkẹyìn, ní ọsibítù kan ní Àpápá. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó mú òwú, ó nu apá ọmọ. Òwú náà dúdú. Ó mú òmíràn, òun náà dúdú. Ó wò ó bí ẹni tó rí aáyán nínú ọbẹ̀.

"Ìyá, kí lèyí?"

Mo wo ilẹ̀. Ilẹ̀ wọn mọ́ dáadáa.

"Àdí ni mà," lọmọ mi wí. "Àti òróró ẹja. Ológbò fẹ́ràn rẹ̀."

Dókítà náà ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹnu rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Ó jókòó tì mí. Ó ní: "Mi ò ní parọ́ fún yín, mi ò tíì mọ ohun tó ń ṣe é. Mi ò tiẹ̀ lè mọ̀ ọ́n báyìí, torí mi ò rí ara ọmọ, epo ni mò ń rí. Ẹ lọ ilé. Ẹ má fi ohunkóhun pa á, ìbáà ṣe èyí tí a fún yín níbí. Omi lásán ni kẹ́ ẹ fi wẹ̀ ẹ́. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ wá gbé e wá, kí èmi àti àwọn ọ̀gá mi rí i bó ṣe wà gan-an. Ẹ gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Gbígbọ́ ò le. Ta ló máa wá sọ fún Màmá?

Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ bá. Mo fà á sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin lẹ máa bá wọn sọ ọ́."

"Èmi kẹ̀? Ṣé èmi ni dókítà bá sọ̀rọ̀ ni?"

"Màmá yín ni."

"Ìdí tí mi ò fi lè sọ ọ́ gan-an nìyẹn."

Mo ṣáà bẹ̀ ẹ́ títí tó fi ní tí wọ́n bá jẹun tán òun á sọ ọ́. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tẹ́tí. Mo gbọ́ tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wúkọ́. Ó wá ní: "Màmá, àdí yín yìí mà tún dúdú ju tàtijọ́ lọ o." Màmá ní: "Ṣé o rí i! Mo mọ̀ pé wàá rí i." Bí akíkanjú wọ́ọ̀fù ṣe jíṣẹ́ tí mo rán an nìyẹn.

Ni mo bá ń ṣe ọgbọ́n. Mo ní màá máa jí wẹ ọmọ kí Màmá tó jí, àṣé Màmá ti jí kí èmi tó sùn. Mo gbé ìgò pamọ́ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀lì òkírìkà. Wọ́n wá a rí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n bú èkúté, wọ́n sì fi ìlọ́po méjì pa ọmọ lọ́jọ́ náà nítorí pé wọn ò rí i pa á láàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tí dókítà wí ò tíì lè bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń rò ó pé bí a bá padà lọ, òwú á tún dúdú, obìnrin yẹn á tún sọ pé òun ò rí ara ọmọ mi, a ó sì wà níbi tí a wà. Ara ọmọ náà ń sán sí i. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí sùn lórí ìjókòó, torí kò sí ibi tó lè fi lélẹ̀ tí kò ní dùn ún.

Ó di ọjọ́ Àìkú kan. Gbogbo ilé wà nílé. Màmá na ẹsẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ìṣe wọn, wọ́n ṣí ìgò.

"Ìyá mi, ó yá, máa bọ̀."

Ọmọ mi wá. Àmọ́ kò sùn lé ẹsẹ̀ wọn. Ó kúnlẹ̀. Mo rí bó ṣe ń rọra tẹ orúnkún yẹn, tó ń fún ojú pọ̀, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ló sán jù. Màmá ló kọ́ ọ pé bí èèyàn bá fẹ́ bá àgbà sọ̀rọ̀, ìkúnlẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ tán, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Màmá àgbà, ẹ kú iṣẹ́ mà."

"Oooo, ìyá mi àtàtà."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Tèmi ti ṣiṣẹ́ tán. Ẹ fi pa ara tiyín lónìí, kó lè ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yin náà."

 Obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó máa ń ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́ Yorùbá, ju abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dì mọ́ ògiri. "Mama! Pikin don talk o!" Ẹni tó ń fọ eyín gbé fọ́ọ̀mù mì. Ọkọ mi sáré wọlé, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rọra dé ìgò. Wọ́n tún gèlè wé.

"Ọmọdé kì í dá irú ọ̀rọ̀ báyìí sọ," ni wọ́n wí. "Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ."

Èmi! Ọkọ mi yọrí láti inú yàrá, ó ń nu ojú. "Màmá, ìyàwó mi yìí? Ẹni tó bá wọkọ̀ tí kò lè sọ pé 'Ó wà o', tí wọ́n ń gbé kọjá ilé dé Ìjọra, tó wá ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀? Òun ló kọ́ èèyàn lọ́rọ̀?"

Òótọ́ ni, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ará ilé tún bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ ojú Màmá ò tú ká. Mo gbé oúnjẹ ọ̀sán fún wọn, wọ́n ní àwọn ti yó. Mo gbé ti alẹ́, wọ́n ní àwọn ti yó. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá ọkọ, ẹ mọ irú yíyó tí ìyẹn jẹ́. Kí a tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ti di ẹrù wọn, wọ́n gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n ní bí ojú bá ti mọ́ àwọn á lọ, ọmọ kan ò lè fi àdí àwọn ṣẹ̀sín. Àmọ́ wọ́n ní a óò wẹ ọmọ, a óò sì fi àdí pa á kí àwọn tó lọ, àwọn á sì fi ìgò náà sílẹ̀ fún wa, torí inú tó ń bí àwọn ò kan àìsàn ọmọ.

Ọkọ mi wò mí. Èmi náà wò ó. Ó ń fi fóònù rẹ̀ wá nǹkan tí kò sọnù.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá kírun Àsùbáà tán, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n ń ja tẹ̀súbáà. Mo gbé ìgò àdí. Mo lọ kúnlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ wọn. Mo ní: "Ẹ káàárọ̀ mà." Ọ̀fun ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Mo gbé ẹsẹ̀ wọn kan lé itan mi. Mo da àdí sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí fi pa gìgísẹ̀ wọn, mo ń tẹ̀ ẹ́ wọ inú ibi tó là, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é fún ọmọ.

"Yéè! Ìyàwó! Ó ń ta mí!"

Ẹsẹ̀ wọn ni mò ń wò, mi ò wo ojú wọn. Mo ní, pẹ̀lú ohùn tí èmi fúnra mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́: "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó ń ṣiṣẹ́ ni."

Tẹ̀súbáà dúró. Mo sọ ọ́ sínú pé ó ti parí fún mi lónìí. Mo ṣáà ń fi pa á lọ. Nígbà tó yá mo rí i pé ẹsẹ̀ orí itan mi ń gbọ̀n, mo gbójú sókè, ikùn Màmá ni mo kọ́kọ́ rí, ó ń mì, wọ́n ti fi ìborùn bo ẹnu.

"Ìwọ náà," ni wọ́n wí. "Ìwọ tí a ní kò lẹ́nu."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n wá yíjú sí ibi tí ọmọ sùn sí lórí ìjókòó, tó na apá sí méjèèjì kí ara má kan ara. 

"Ṣé bó ṣe ń ta á nìyí?"

"Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ mà. Egbò tirẹ̀ ṣì tutù." Ni mo bá sọ ti dókítà fún wọn, gbogbo rẹ̀, títí kan òwú tó dúdú. Ilẹ̀ ni mo sọ ọ́ sí, àmọ́ mo sọ ọ́ tán.

 Màmá gbé ẹsẹ̀ kejì wá sórí itan mi.

Mo fi àdí pa á. Mo pa orúnkún méjèèjì, mo pa ojúgun, mo tún padà sí gìgísẹ̀, mo dojú ìgò kọlẹ̀ títí ẹ̀kán ìkẹyìn fi jábọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde láti wẹ ọmọ, mo ní kí wọ́n má tíì dìde o, ẹsẹ̀ wọn ń yọ̀. Wọ́n jókòó padà. Mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo tún fọ̀ ọ́. Mo pọn omi lásán, mo gbé ọmọ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì wẹ̀ ẹ́. Ó ké díẹ̀, àmọ́ torí pé omi tutù ni. Mo nù ún, mo yí inú aṣọ rẹ̀ síta, mo sì wọ̀ ọ́ fún un.